Ilà Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ọ̀tún

Ilà bàmú tí Ọmọ́níkẹ́ gbẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì àwòrán bàbá rẹ̀ tún jáde ní ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé.

Ti àkọ́kọ́, ó gbà pé ẹ̀bi òun ni. Ohun téèyàn bá gbẹ́ sára kọ́pà, òdì ni í jáde lórí ìwé, ó sì gbàgbé. Iṣẹ́ tí àwọn òyìnbó fi ń ya ojú ọba àti ọ̀mọ̀wé wọn ní bí irinwó ọdún sẹ́yìn ni: kò sí ọ̀dà, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ni. Àmọ́ kẹ́ ẹ wá wo ẹyinjú! Ṣe ló ń wo èèyàn padà. Nítorí ẹyinjú yẹn ni Ọmọ́níkẹ́ ṣe fi ọdún mẹ́fà kọ́ ọ ní Chicago.

Iná ti jó gbogbo fọ́tò bàbá náà. Ojú Adéòkè, ìyá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ní Oak Park, sì ń kú lọ. Dókítà ní tó bá fi máa di Kérésì, kò ní ríran mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni màmá bẹ̀bẹ̀ fún: "Jẹ́ kí n rí ojú ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan sí i." Òun ló ṣàpèjúwe imú, àgbọ̀n àti ilà, torí ọmọ ọdún méjì ni Ọmọ́níkẹ́ nígbà tí bàbá kú.

Gabriel, tí wọ́n jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù, gbé dígí sí kọ́pà náà, kó lè rí i bó ṣe máa jáde lórí ìwé.

"Plate yìí correct," ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. "Òsì ló wà."

Wọ́n fi yíǹkì kùn ún, wọ́n nù ún, wọ́n tún un tẹ̀. Ọ̀tún. Gabriel bọ́ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ leave ẹ̀ o. Èyí ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ."

"Ojú màmá mi ò ní ju oṣù méjì lọ. Mi ò leave nǹkan kan."

Ó gbé ìwé tútù náà lọ sílé, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀. Màmá fà á mọ́ ojú títí yíǹkì fi kàn án nímú. Ó na ìka sí ilà náà.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Sọ kí ni, Mà?"

"Kẹ́hìndé nìyí. Ìbejì ni wọ́n. Kí wọ́n má baà ṣì wọ́n mú ni wọ́n ṣe kọ ti Táyé sí òsì, ti Kẹ́hìndé sí ọ̀tún. Táyé lọkọ mi. Nígbà tó kú, ẹbí ní kí Kẹ́hìndé ṣú mi lópó. Mi ò fẹ́ ẹ, Ọmọ́níkẹ́. Ọdún kejì ni mo bí ẹ; ọmọ ọdún méjì lo wà tí òun náà fi kú." Omijé bọ́ sórí ìwé. "Ojú ọkọ mi ni mo ní kó o gbẹ́. Ojú bàbá ẹ ló jáde."

 Ọmọ́níkẹ́ di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

"Ẹ má sunkún mọ́. Màá tún un gbẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dán kọ́pà tuntun títí ó fi ń kọ mànà. Bó ṣe tẹrí ba wò ó, ojú ara rẹ̀ ló rí nínú rẹ̀, pẹ̀lú ilà bàmú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Ó ń dán, kò sí àpá. Ilà inú kọ́pà ò kúrò.

"Bàbá mi," ó ní, "mo ti rí yín. Ẹ dákun, ẹ yà díẹ̀, kí màmá rí ọkọ wọn."

Ó ki irin bọ kọ́pà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì Táyé ló ti bẹ̀rẹ̀.