Ẹni Tó Ń Súfèé sí Àṣìṣe Mi

Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi wá àṣìṣe nínú ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ. Iṣẹ́ mi nìyẹn nílé ìtẹ̀wé, mi ò sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń bu omi mọ́ ọ̀rọ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Èmi àti ìyàwó mi la jọ ń ṣiṣẹ́ náà, nínú yàrá kan tó kéré bí àpótí. Èmi á máa ka ohun tí wọ́n ti tò sókè ketekete, títí kan kọ́mà. Òun á di ìwé tí òǹkọ̀wé fọwọ́ kọ mú, á máa fojú bá mi lọ. Bí ohun tí mo kà bá yàtọ̀ sí tọwọ́ rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀. Á kàn súfèé. Fíì, ó parí. Èmi á fi bírò pupa sàmì síbẹ̀. Àwọn atẹ̀wé sọ ọ́ ní Ojú Àwòdì, torí kò sí àṣìṣe tó lè sá pamọ́ fún un.

Ó ti pé ọdún mẹ́rin tó ti kú. Síbẹ̀, mo ń ka ìwé ìròyìn sókè láràárọ̀, kọ́mà àti gbogbo rẹ̀, lórí àga mi, tí mo kọjú sí àga tirẹ̀. Kí ni ǹ bá tún máa ṣe? Nílé tí èèyàn ń dá gbé, ohùn ara ẹni sàn ju kí fíríìjì nìkan máa sọ̀rọ̀ lọ.

Lọ́dún tó kọjá, erìgì mi bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Láàárín eyín iwájú méjì tó wà lókè, ẹran ibẹ̀ fà sókè, ó fi àlàfo dúdú onígun mẹ́ta sílẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i nínú dígí ni mo gbọ́ ìfé náà. Mo ń kà nípa afárá kan tó wó. Mo ka mẹ́rìnlá níbi tí wọ́n kọ mẹ́tàlá sí.

Fíì.

Mo gbójú sókè. Àga rẹ̀ ṣófo.

Mo ní atẹ́gùn ni, eyín mi ló ń jò. Mo tiẹ̀ fi ara mi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó tún dún lọ́jọ́ kejì, níbi tí mo ti ka ọ̀rọ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́: ọjọ́ orí ọkùnrin kan tó kú. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò ṣì í kà. Lọ́jọ́ kẹta, ìwé ìròyìn tọrọ àforíjì pé àwọn ṣi ọjọ́ orí olóògbé náà kọ.

Jìnnìjìnnì bò mí. Lẹ́yìn náà, inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo wá ń tètè jí. Mo ń fá irùngbọ̀n kí n tó jókòó kàwé.

Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ń gbé lọ́nà jíjìn. Orí fóònù ló ti rí eyín mi.

“Bàbá mi, kí ló dúdú lẹ́nu yín yẹn?”

“Erìgì ló sá lọ. Àgbà ti dé.”

“Ẹ lọ rí dókítà eyín.”

“Kò dùn mí.”

“Ẹ jọ̀ọ́. Bí mo bá rí i, àyà mi ń já. Ó ń ṣe mí bíi pé ẹ ò tọ́jú ara yín mọ́.”

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń gbà wá? Mo lọ.

Obìnrin ni dókítà náà, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀. Ó ya fọ́tò àlàfo náà, ó wọ̀n ọ́n. Ó ní òun máa fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fún jẹ́ẹ̀lì kan sínú erìgì náà, díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta síra wọn, kí ẹran ibẹ̀ lè wú kó sì dí àlàfo náà.

“Ṣé ó ṣeé mú kúrò, bí mi ò bá fẹ́ ẹ mọ́?”

“Oògùn kan wà tó ń yọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí ló dé tẹ́ ẹ fi máa fẹ́ mú un kúrò, Bàbá?”

Mo la ẹnu sílẹ̀ fún un. Ó fi oògùn pa ètè mi kú. Nígbà tí abẹ́rẹ́ jáde, ó fi ìka tẹ ibẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń lẹ ẹnu àpò ìwé.

Lẹ́yìn ìgbà àkọ́kọ́, ìfé náà rẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìkejì, àfi kí n na ara síwájú kí n tó gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìkẹta, àlàfo náà dí pátápátá. Ọmọ mi pàtẹ́wọ́ lórí fóònù.

Mo ṣi ìwé ìròyìn kà. Ilé dákẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ka Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́rú. Ilé dákẹ́. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ń ka ìkàkúkà sí àga tó ṣófo. Nígbà tí a sin ìyàwó mi, èèyàn kún ọ̀dọ̀ mi. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ń ṣọ̀fọ̀. Mo sunkún bí ọmọdé.

Mo pe dókítà pé kó yọ́ nǹkan rẹ̀ kúrò. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé.

“Ṣùgbọ́n mi ò lè ṣèlérí pé ibẹ̀ á rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, Bàbá.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ọmọ mi pè. Mo gbé fóònù lélẹ̀ lórí tábìlì, ohùn rẹ̀ gba yàrá.

“Bàbá mi, ohùn yín ò já gaara. Ṣé ẹ rí ẹni bá yín tàkúrọ̀sọ?”

“Ta ni mo fẹ́ rí? Èmi nìkan ló wà nínú ilé yìí.”

Mo pa ẹnu mi dé.

Fíì.

Mo fi ahọ́n kan erìgì mi. Ó dí pinpin.



“Bàbá mi, ta ló súfèé yẹn?”

Mo ń wo àga tó kọjú sí mi.

“Ẹ tún ohun tẹ́ ẹ sọ sọ.”

Mo la ẹnu. Mo tún pa á dé.

Ọjọ́ Ajé ti kọjá, mi ò lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọmọ mi ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ó ní oorun ò kun òun mọ́. Mo ṣì ń kàwé láràárọ̀, mo sì ń ṣì í kà, kò sì sóhun tó ń dún. Gbólóhùn tí ìfé dún sí lọ́jọ́ yẹn nìkan ni mi ò tíì tún sọ látìgbà náà. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sọ ọ́, ilé lè dákẹ́.