Àlìkámà Tó Sá Pamọ́ Sínú Ẹ̀kọ Ramatou

Tí ilẹ̀ bá mọ́ ní Tampouy, ní Wagadúgù, òórùn àkàrà fúláwà Àríkẹ́ ló máa ń jí àwọn ọmọ iléèwé. Gato ni àwọn ará ìlú ń pè é. Iwájú ilé Sàídù, àbúrò rẹ̀ tó ń ta ẹ̀yà moto, ló ti ń dín in. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí bureau á dúró lórí alùpùpù mobylette wọn, wọ́n á rà, wọ́n á máa jẹ ẹ́ lọ.

Opó ni Àríkẹ́. Kò bímọ. Láti Ìnìṣà ló ti wá bá àbúrò rẹ̀ gbé, ó sì fẹ́ràn Ramatou, ọmọ kan ṣoṣo tí Sàídù àti Mariama ìyàwó rẹ̀ bí, bí ẹni pé òun ló lóyún rẹ̀. Òun ló ń dirun fún un, òun ló ń sùn tì í tí ara rẹ̀ bá gbóná.

Ara náà kì í sì í yá. Ramatou kò dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ wú, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ìgbẹ́ gbuuru kò fi í sílẹ̀. Wọ́n lo oògùn aràn, wọ́n lo oògùn ibà, wọ́n fún un ní àgbo mu títí ó fi ń sá tó bá ti rí ife. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, Mariama gbé e lọ bá Agathe, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Wagadúgù níbẹ̀. Agathe mú wọn lọ bá dókítà àgbà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, wọ́n yẹ ìfun rẹ̀ wò. Ìgbà tí èsì dé, Agathe pe bàbá àti ìyá jókòó.

"Maladie cœliaque ni wọ́n ń pè é," ló wí. "Kì í ṣe ayé ló ń ṣe é, kì í sì í ràn. Nǹkan kan wà nínú àlìkámà tó ń jẹ́ gluten, òun ló ń mú kí ìyẹ̀fun rẹ̀ máa fà bí ẹ bá pò ó. Tó bá ti dé inú Ramatou, ara rẹ̀ á dìde ìjà, ìjà náà á sì máa ba ìfun òun fúnra rẹ̀ jẹ́. Ìfun tó ti bàjẹ́ kò lè gba oúnjẹ sára. Ọmọ yín lè jẹun yó kí ebi ṣì máa pa á."

Sàídù béèrè oògùn rẹ̀.

"Kò sí oògùn tó ń wò ó. Kó má fẹnu kan àlìkámà mọ́ títí ayé, òun ni ìtọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe búrẹ́dì àti gato nìkan o. Ó wà nínú macaroni, nínú couscous, nínú bulgur tí wọ́n ń pín nítorí ọ̀dá. Ó ń sá pamọ́ sínú kúùbù ọbẹ̀ míì, àti sínú ẹ̀pà lílọ̀ tí àwọn kan ń fi fúláwà lú. Ohun tó kéré bí ìdọ̀tí èékánná tó láti pa á lára. Ẹ tẹ̀lé oúnjẹ rẹ̀ láti inú àpò títí dé ẹnu. Gbogbo ibi tó bá gbà kọjá, ẹ fojú yín rí i."

Wọ́n ní d'accord, àwọn ti gbọ́. Gbogbo wa la mọ d'accord tí èèyàn ń sọ nígbà tó ti ń wá bàtà rẹ̀.

Kí a má purọ́ mọ́ wọn, wọ́n gbìyànjú. Búrẹ́dì kúrò nílé. Ẹnikẹ́ni kò bẹ Àríkẹ́ kó tó da òróró rẹ̀ nù, ó ha agbada rẹ̀, ó gbé e fún ẹlòmíì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra tòmátì lọ́wọ́ àwọn olóko etí omi Tanghin láti tà. Òwò kékeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, kò ráhùn. Mariama ń gún àgbàdo nínú odó tuntun, ẹ̀kọ rẹ̀ ni Ramatou ń mu láàárọ̀, túwó rẹ̀ ló ń jẹ lálẹ́. Ìgbẹ́ gbuuru dá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà kún. Ó sáré nínú ọgbà lọ́jọ́ kan, Mariama sì sunkún ayọ̀.

Ṣùgbọ́n odó gígún lójoojúmọ́ kì í ṣe eré. Nígbà tí apá ń dun Mariama jù, ó padà sí ìdí ẹ̀rọ Félix, ọkùnrin Mossi tó ń lọ ọkà fún àdúgbò. Ó sọ fún un pé ọmọ òun ń ṣàìsàn, ó ní oúnjẹ ẹlòmíì kò gbọdọ̀ kan tirẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó máa fọ ẹ̀rọ náà dáadáa kó tó lọ tiwọn. Félix ṣèlérí. Mariama dúpẹ́, ó ní barka, ó lọ sílé pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀.

Kò pẹ́, gbuuru padà. Ikùn tún wú. Ọmọ tó ti ń sáré tún di ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sílé ìgbẹ́.

Ojú wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe é. Nínú ilé tí wọn kì í jẹ àlìkámà, ta ló ń fún ọmọ ní àlìkámà? Sàídù wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá Ramatou lórí ẹsẹ̀ Àríkẹ́, ó ń jẹ nǹkan. Àríkẹ́ ní ẹ̀pà tí òun fọwọ́ ara òun yan ni. Ó ṣí ọwọ́ ọmọ náà hàn án. Sàídù kò wò ó. Ohun tí àwọn aládùúgbò ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò bímọ, ẹ wá fẹ́ pa tèmi."

Àríkẹ́ búra pẹ̀lú Kùránì. Mariama wá gbé Ramatou kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ yẹn ni Sàídù fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Nàìjíríà. Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, ó sọ ọ́ ní mọ́sáláṣí, ó sọ ọ́ fún àwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í sanwó ọkọ̀, ó sì ṣáájú obìnrin náà dé Ìnìṣà.

Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lọ, àìsàn kò bá a lọ. Oṣù ń gorí oṣù, ara Ramatou ń burú sí i. Ibí yìí gan-an ni inú ti ń bí àwa tí a ń kọ ìtàn yìí. Ẹnì kan ṣoṣo kò dìde nínú ilé náà láti béèrè pé, tó bá jẹ́ Àríkẹ́ ni, èé ṣe tí ọmọ kò fi yá lẹ́yìn rẹ̀? Ojú ń tì wọ́n láti béèrè, nítorí wọ́n mọ ibi tí ìdáhùn máa já sí.

Nínú oṣù September ọdún 1984, tí ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ Burkina Faso, ìjọba Révolution pàṣẹ pé ní ọjọ́ kan, kí àwọn obìnrin sinmi, kí àwọn ọkùnrin lọ sọ́jà, kí wọ́n sì dáná. Ẹ ò bá rí àwọn ọkùnrin Tampouy lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ti ń bú ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀ láti ọdún pípẹ́ wá ń bẹ aládùúgbò kó fi ilá tó gbó han òun.

Sàídù gbé igbá àgbàdo lọ sí ìdí ẹ̀rọ. Àwọn obìnrin kì í dúró níbẹ̀. Wọ́n á to igbá wọn, igbá á máa gba ipò fún wọn, wọ́n á bá iṣẹ́ mìíràn lọ, wọ́n á sì padà wá gbé ìyẹ̀fun. Àwọn ọkùnrin kò mọ àṣà yẹn. Kálukú dúró ti igbá rẹ̀ gbọingbọin, ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má jí i gbé. Bí Sàídù ṣe rí ohun tí ìyàwó rẹ̀ kò rí rí nìyẹn.

Nígbà tó kàn án, Félix kò tíì fọwọ́ kan àgbàdo. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ ọkà fífọ́ kan nínú àpò tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó dà á sẹ́nu ẹ̀rọ, ó lọ̀ ọ́ jáde, ó gbọ̀n ọ́n nù. Ìgbà náà ló tó nawọ́ sí igbá Sàídù.

Sàídù bi í ní Mooré, èdè àwọn Mossi, pé kí ló dà síbẹ̀ yẹn.

"Nítorí ọmọ yín ni," Félix dáhùn, inú rẹ̀ dùn pé bàbá ilé rí iṣẹ́ òun. "Madame ní kí n máa fọ ẹ̀rọ kí n tó lọ tiyín. Ẹni tó ṣáájú yín lè ti lọ ata, ó lè ti lọ soumbala, irú tí wọ́n ń fi sọ́bẹ̀. Bulgur yìí ló ń nu ẹnu ẹ̀rọ mọ́ jù. Mi ò gbàgbé lọ́jọ́ kan rí."

Àlìkámà ni bulgur. Sàídù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Ìṣọ́ra ìyàwó rẹ̀ àti inú rere ọkùnrin yìí ló ti ń pa ọmọ rẹ̀ lára láràárọ̀. Ó wá ẹni tó máa bínú sí, kò rí ẹnì kankan ju ara rẹ̀ lọ.

Nílé, Mariama gbọ́ ọ tán. "Èmi ni mo ní kó fọ̀ ọ́, mi ò dárúkọ àlìkámà fún un," ló ń tún wí ṣáá.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Agathe. Ó da gbogbo ìyẹ̀fun inú ilé nù. Ó ní ẹ̀rọ tó bá ti ń lọ àlìkámà, kódà tí wọn kò bá fi bulgur fọ̀ ọ́, ìyẹ̀fun rẹ̀ á kù sínú rẹ̀, ẹnì kan kò sì lè fojú rí i. Odó tiwọn, ọlọ tiwọn, asẹ́ tiwọn, tí àlìkámà kò kàn rí, ni kí wọ́n máa lò. Òróró tí wọ́n ti fi dín gato kò gbọdọ̀ kan oúnjẹ rẹ̀. Sàídù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí òun ti ṣe sí ẹ̀gbọ́n òun. Agathe gbọ́ ọ títí, ojú rẹ̀ le.

"Mo ní kẹ́ ẹ wá àlìkámà," ló wí. "Mi ò ní kẹ́ ẹ wá ọ̀daràn."

Ramatou ti ń yá báyìí. Ó ń jẹun, oúnjẹ náà sì ń dúró sára rẹ̀. Dókítà kò lè ṣèlérí pé gbogbo gíga tó pàdánù á padà. Ó máa ń béèrè ìgbà tí Àríkẹ́, Tátì rẹ̀, máa dé.

Ìjọba Nàìjíríà ti ti ẹnubodè pa lọ́dún náà, ṣùgbọ́n oníṣòwò mọ ọ̀nà. Sàídù rán Nàfíù, ọ̀rẹ́ rẹ̀, lọ bẹ Àríkẹ́ ní Ìnìṣà pé kó padà wá. Nàfíù bá a nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé àwọn ẹbí. Ó ti gbìyànjú láti tún máa dín àkàrà, àwọn ìyá kò jẹ́ kí ọmọ wọn rà á, nítorí wọ́n ti gbọ́ pé ó fi oúnjẹ pa ọmọ àbúrò rẹ̀ lára ní ìlú àwọn elédè Faransé. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn.

"Ẹ bá mi kí Ramatou. Ẹ sọ fún bàbá rẹ̀ pé mo ti dárí jì í. Ṣùgbọ́n òun ló sọ ọ́ fún ayé. Kó lọ sọ fún ayé pé irọ́ ni."

Kò padà wá. Sàídù ti sọ ní mọ́sáláṣí pé irọ́ ni, àwọn èèyàn ní Ọlọ́run á ṣàánú, wọ́n sì bọ́ síta. Òfófó kì í rìn kíákíá tó bá di pé ó fẹ́ tún orúkọ ẹni ṣe. Sàídù fúnra rẹ̀ ló wá bẹ̀ wá pé ká kọ ọ́ síwèé, ká kọ orúkọ òun, ká sì kọ ti Àríkẹ́.

Ẹ̀yin òbí, tí gbuuru ọmọ kò bá dá, tí ikùn rẹ̀ ń wú tí kò sì dàgbà, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ má tíì dá àlìkámà dúró fúnra yín kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àyẹ̀wò lè má rí àrùn náà mọ́. Tí wọ́n bá sì ti sọ fún yín pé cœliaque ni, àgbàdo, ìrẹsì, jéró, ọkà bàbà, iṣu, gbágùúdá, ẹ̀wà, ẹran, ẹja àti ẹyin kò ní í ṣe é ní nǹkan kan, bí àlìkámà kò bá ti bá wọn pàdé lọ́nà. Ẹ béèrè ohun tó wà nínú kúùbù kí ẹ tó jù ú sọ́bẹ̀. Ẹ lọ ẹ̀pà yín fúnra yín. Tí wọ́n bá fún un ní oògùn oníhóró, ẹ bi oníṣègùn bóyá àlìkámà wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó ń fi inú rere fún ọmọ yín lóúnjẹ, kí ẹ sì sọ ohun tí wọn kò gbọdọ̀ lò fún wọn, kí ó má jẹ́ ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe nìkan ni ẹ ó sọ.

Tí ara ọmọ kò bá sì yá síbẹ̀, kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ilé, ẹ dìde, ẹ lọ dúró ní ìdí ẹ̀rọ títí wọn yóò fi lọ ọkà yín tán.