Òjé Létí Apá Bàlúù

Bàlúù pupa kékeré kan já wálẹ̀ látojú ọ̀run lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Àgọ́-Ìwòyè, inú abọ́ gàrí Ọ̀rẹ́dọlá ló sì forí sọ.

Gàrí Ìjẹ̀bú ni, èyí tó kan dáadáa, tí omi rẹ̀ sì tutù. Ọmọbìnrin náà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó ti ju ẹ̀pà sẹ́nu, ó wá fẹ́ fi ṣíbí bu gàrí tẹ̀ lé e. Kó tó bù ú, omi ti ta sí i lójú, ìrù bàlúù sì ti nà sókè láàárín abọ́ bí ìrù ẹja tó rì mọ́ ẹrẹ̀.

Mo mọ pápá tó wà lẹ́yìn ilé náà. Kí n tó ré òkun kọjá, oko kòkó ni, àárín rẹ̀ la máa ń gbà tí a bá ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ká ní ẹnì kan sọ fún mi nígbà náà pé ìfẹ́ yóò já bọ́ níbẹ̀ látòkè, ẹ̀rín ni ǹ bá fi í rín.

Ọkùnrin gíga kan sáré dé, okùn wáyà méjì ń wọ́ tẹ̀ lé e. Adéfọlá ni, ọmọ àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní Òkè-Àgbò, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní.

Ọ̀rẹ́dọlá nu ojú. "Ṣé abọ́ mi ni wọ́n júwe fún yín pé ó jẹ́ pápákọ̀ òfuurufú?"

"Rárá o. Ìwọ̀n tó wà létí apá rẹ̀ ló já."

"Ẹ ò kúkú bi í léèrè bóyá ebi ló ń pa á."

Adéfọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbọn gàrí kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ó sì ṣàlàyé. Òun á dúró láàárín, òun á di okùn méjèèjì mú, bàlúù á máa yí òun po. Okùn máa ń fa apá kan wálẹ̀, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ní nǹkan kékeré tó wúwo létí apá kejì. Tí kò bá sí, bàlúù á tẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó dì í mú, okùn á dẹ̀, ó parí.

"Ohun tó wúwo lọ́hùn-ún ló ń jẹ́ kí okùn le níhìn-ín," Ọ̀rẹ́dọlá ní.

Adéfọlá gbójú sókè, ó wò ó. Kò sí ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan tó tíì sọ ọ́ ṣókí bẹ́ẹ̀ rí.

"Màá po gàrí mìíràn wá lọ́la," ó ní.

"Tòun tẹja díndín."

Ó gbé e wá tòun tẹja. Láti ọjọ́ náà, Ọ̀rẹ́dọlá sọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n di iṣẹ́ ara rẹ̀. Ó kọ́kọ́ mú àgádágodo yàrá rẹ̀ wá. Bàlúù fẹ̀gbẹ́ kan rìn bí ọ̀mùtí. Ó mú òjòjò gbígbẹ wá, ìyẹn sì ṣe dáadáa, àfi pé nígbà tí wọ́n gbé bàlúù kalẹ̀ láti rọ epo sí i, ewúrẹ́ jẹ ìwọ̀n náà, ó sì fi díẹ̀ lára apá jẹ ẹ́.

"Orí Jedidiah nìkan ló kù tí a ò tíì dán wò," Adéfọlá ní lọ́jọ́ kan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Jedidiah, orí rẹ̀ sì tóbi lóòótọ́.

"Ẹ fi orí mi sílẹ̀," Jedidiah dáhùn. "Ojú tí ẹ fi ń wo ara yín yẹn ni kí ẹ so mọ́ ọn. Ó wúwo jù ú lọ."

Adéfọlá sáré bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń yẹ okùn wò.

Nígbà tó yá, Adéfọlá ní, "Dọlá mi, mo fẹ́ lọ rí Bàbá."

Apẹja ni Adémúyìwá, bàbá Ọ̀rẹ́dọlá, ní Ẹfirẹ létí ọ̀sà. Ọmọ rẹ̀ pè é lórí fóònù pé tíṣà ni ọkùnrin náà, pé ó sì máa ń darí bàlúù. Fóònù ń já, ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn nìkan ni Bàbá gbọ́ yéké. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹni tó ń tún àwọ̀n ṣe létí omi ti mọ̀ pé awakọ̀ òfuurufú ń bọ̀ wá fi ọmọ Adémúyìwá ṣaya.

Lọ́jọ́ tí Adéfọlá ń bọ̀, wọ́n ti kóra jọ. Àwọn kan tilẹ̀ ń wojú ọ̀run. Adéfọlá tẹ̀ lé Ọ̀rẹ́dọlá sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó fi bàlúù pupa há abíyá.

"Ìwọ ni awakọ̀ òfuurufú?" Bàbá bi í.

"Tíṣà ni mí, sà. Èyí ni mò ń darí."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ẹ̀rín náà sì ran gbogbo etí omi. Ojú ti Bàbá ju bó ṣe bínú lọ.

"Gbogbo ayé ni mo ti sọ fún," ó ní. "Ọmọ mi ò ní fẹ́ ẹni tó ń fi nǹkan ọmọdé ṣeré. Máa gbé e lọ."

Ọ̀rẹ́dọlá ò sunkún lójú wọn. Ẹ̀yìnkùlé ló lọ, níbi tí àwọ̀n bàbá àgbà rẹ̀ wà lórí èèkàn. Eyín ni bàbá àgbà fi máa ń tẹ òjé tó ń jẹ́ kí àwọ̀n rì mọ́ etí rẹ̀, ojú eyín rẹ̀ sì wà lára òjé kọ̀ọ̀kan. Nínú ilé náà, òjé yẹn kì í bọ́ sọ́wọ́ àlejò. Ẹni tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti di ọmọ ilé; ìyá Ọ̀rẹ́dọlá gba tirẹ̀ lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ.

Ọ̀rẹ́dọlá tú ẹyọ kan, ó sì bá Adéfọlá nídìí mọ́tò.

"Ìwọ̀n tí ò ń wá rè é," ó ní. "Má jẹ́ kó sọnù. Bó bá sọnù, èmi náà sọnù sí ọ lọ́wọ́."

Nígbà tí ìdánwò àṣekágbá parí, Bàbá wá sí Àgọ́-Ìwòyè láti kó ẹrù ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Èrò ló bá lórí pápá. Adéfọlá dúró láàárín, bàlúù pupa ń kùn yí i po. Ó gòkè, ó takìtì, ó fi ikùn wojú ọ̀run, okùn méjèèjì le gbọin láìdẹ̀ nígbà kankan. Ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gba ojú ọ̀run. Bàbá fẹ́ wo ibòmíràn, ojú rẹ̀ kọ̀.

Epo tán, bàlúù rọra balẹ̀, ó yí gbirigbiri wá dúró níwájú Bàbá. Bàbá bẹ̀rẹ̀ gbé e. Ó rí òjé. Ó fi àtàǹpàkò pa ojú eyín tó wà lára rẹ̀.

"Eyín bàbá mi lèyí," ó ní jẹ́jẹ́ fún Adéfọlá tó sáré dé. "Ta ló fún ọ?"

"Èmi ni, Bàbá," Ọ̀rẹ́dọlá dáhùn láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"O mọ ohun tó túmọ̀ sí?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi."

Bàbá yíjú sí Adéfọlá. "Tí mo bá yọ ọ́, ṣé á ṣì fò?"

"Okùn á dẹ̀, sà. Á já wálẹ̀."

Bàbá gbé bàlúù náà lé e lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Rọ epo sí i. Mo fẹ́ dì í mú."

Adéfọlá gbé ọwọ́ lé ọwọ́ Bàbá lórí ìdìmú okùn. Jedidiah ta ẹ́ńjìnnì, bàlúù gbéra. Bó ṣe fa okùn, apẹja náà fẹsẹ̀ múlẹ̀, bó ti ń ṣe lójú omi láti kékeré, ojú rẹ̀ sì là.

"Ó ń fà bí ẹja òbòkun," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń yípo. "Dọlá, wá wò ó. Ọkọ rẹ ń fi ojú ọ̀run pẹja."

Ẹfirẹ ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó wọn. Nígbà tí àdúrà parí, Adéfọlá àti ìyàwó rẹ̀ jọ di ìdìmú kan ṣoṣo mú létí ọ̀sà, bàlúù pupa ń yí wọn po lórí omi àti ilẹ̀, òjé ń tàn yanran létí apá rẹ̀. Àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́sí gbé ojú sókè. Bàbá rin àárín wọn kọjá pẹ̀lú agbádá rẹ̀.

"Mo kúkú ti sọ fún yín," ó ní. "Awakọ̀ òfuurufú ni."