Fóònù Tó Ń Bá Gbogbo Èèyàn Sọ̀rọ̀

Orí àkàbà ni ọmọbìnrin kan ti kọ́kọ́ rí oníwáyà kan, wáyà lẹ́nu, ìyẹ̀fun búrẹ́dì funfun báláú lórí ẹ̀ bí ẹni tó hu ewú lójijì. Ẹ̀rín pa ọmọbìnrin náà. Ẹ má dá a lẹ́bi o, èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín.

Bàbá ẹ̀ ló ni ilé búrẹ́dì ọ̀hún. Ọmọbìnrin náà ló ń gbé fóònù ibẹ̀, tó ń gbọ́ ohun tí oníbàárà fẹ́. Oníwáyà yìí sì ni wọ́n pè pé kó wá gbé fóònù wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Èmi lẹ ń fi rẹ́rìn-ín, àbí?" Oníwáyà bi í látorí àkàbà.

"Rárá o, Bàbá Arúgbó. Ẹ rọra sọ̀kalẹ̀, kí eegun yín má lọ dá."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ tó yẹ kó parí lójúmọ́ kan ò parí mọ́. Wáyà wo ló gùn tó bẹ́ẹ̀?

Lọ́jọ́ kan ọmọbìnrin náà bi í pé, "Tí mo bá bínú sí ẹ ńkọ́, tí mo gbé iṣẹ́ yìí fún ẹlòmíì?"

"Fóònù yín á ṣì máa ṣiṣẹ́, olólùfẹ́ mi. Ìlànà tí gbogbo ilé iṣẹ́ lè lò ni mo fi ṣe é, kì í ṣe tèmi nìkan. Nọ́ńbà yín, tiyín ni. Ìgbà tó bá wù ẹ́ ni kó o lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ta ló ń tajà, tó tún ń fi ọ̀nà ìjáde han oníbàárà?

Àmọ́ Bàbá ti ní ẹni tiẹ̀ lọ́kàn. Oníṣúútù kan, aṣojú ilé iṣẹ́ ńlá, kó fóònù tuntun wá. Ó fẹ́ kí wọ́n gba fóònù, ó sì fẹ́ fẹ́ ọmọ.

"Èyí lọkọ!" Bàbá ní. "Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀! Oníwáyà yẹn, kó gbé àkàbà ẹ̀ máa lọ."

Ọmọbìnrin náà dìde. "Bàbá mi, mi ò ṣe."

"O ò ṣe kí ni?"

"Fóònù àti ọkọ. Méjèèjì. Ẹ tì mí mọ́lé tẹ́ ẹ bá fẹ́." Ó kọjú sí Oníṣúútù. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi fóònù yín pe ẹ̀gbọ́n Bàbá mi wò."

Ẹ wò ó, gbogbo ilé ló mọ̀ pé Bàbá kì í fẹnu kan tíì láàárọ̀ tí ò bá tíì gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin tó ń gbé ìlú míì. Ẹ̀gbọ́n á bú u bí ọmọdé, inú ẹ̀ á sì máa dùn ṣìnkìn.

Oníṣúútù wúkọ́. "Àwọn náà á kọ́kọ́ gba tiwa ná. Fóònù tiwa ò lè pe ti ilé iṣẹ́ míì."

"Tá a bá wá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ yín ńkọ́?" ọmọbìnrin náà bi í.

"Fóònù á kú, nọ́ńbà á sì dúró sọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ kúrò ṣe?" Ó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi? Kí wọ́n wá gbàṣẹ lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó bú mi? Ó yá, kó fóònù ẹ!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù tí Oníwáyà ṣe dún. Òun fúnra ẹ̀ ló ń pè, láti orí fóònù ilé iṣẹ́ míì pátápátá, ó sì wọlé geere.

"Bàbá Arúgbó ni o. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Ṣé mo ṣì lè lọ nígbà tó bá wù mí?"

"Mi ò ní tilẹ̀kùn mọ́ ẹ láé."

"Ìdí tí mi ò fi ní lọ nìyẹn."

Bàbá ti ń na ọwọ́ sí fóònù. "Ẹ kúrò lórí ẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì! Ẹ jẹ́ kí n ráyè pe ẹ̀gbọ́n mi, kí n sọ fún wọn pé a ti rí ọkọ."