Etí-Ìlú àti Jíìpù Ṣọlápé

"Láti òní lọ, ẹni tó bá tún ra mọ́tò burúkú ní Òkè Òṣùpá, ẹ má bá a kẹ́dùn. Òun ló wù ú."

Ọ̀rọ̀ tí Ẹnjiníà Láyíwọlá sọ níwájú gbogbo ìlú nìyẹn, lọ́jọ́ tó ṣíṣọ lójú Etí-Ìlú, ẹ̀rọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rọ náà bá wọn pàtẹ́wọ́, torí pé ẹni tó ṣe é kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun já sílẹ̀.

Abẹ́ òrùlé dígí ńlá kan ni àwọn ọmọ Yorùbá tẹ Òkè Òṣùpá dó sí, lórí òṣùpá gan-an. Lábẹ́ òrùlé yìí, èèyàn lè mí. Ní ìta rẹ̀, òkúta àti eruku nìkan ló wà, kò sí afẹ́fẹ́ rárá. Ìdí nìyí tí kálukú fi ń wá jíìpù tó ní agolo-èémí, ìyẹn ìkòkò irin tí wọ́n rọ afẹ́fẹ́ sí fún ẹni tó wà nínú ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá takú láyé, wàá bọ́ sílẹ̀, wàá tì í. Lórí òṣùpá, ẹnikẹ́ni kì í bọ́ sílẹ̀.

Àwọn tó ń ta jíìpù pọ̀, irọ́ wọn sì pọ̀ jù wọ́n lọ. Iṣẹ́ Etí-Ìlú ni kó máa bi àwọn oníbàárà léèrè nínú ilé wọn bí ọkọ̀ ṣe ń ṣe sí, kó wá fún olùtajà kọ̀ọ̀kan ní ìràwọ̀, láti orí ẹyọ kan dé márùn-ún. Kì í gba ẹ̀gúnjẹ. Kò lẹ́gbọ̀n-ọ́n, kò lána.

Màmá Ìbíyẹmí, ẹ̀gbọ́n ìyá Láyíwọlá, tó tún jẹ́ àgbà obìnrin ìlú, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta lo rò pé ó máa jókòó sílé kó máa ba ọjà Díákónì Fámúrewá tó ń ta jíìpù jẹ́?"

"Màmá, ẹ̀rọ ni. Wọn ò ní tijú rẹ̀."

"Ta ló ní ẹ̀rọ? Fámúrewá ni wọ́n máa tijú. Òun ló bọ́ wa nígbà tá a kọ́kọ́ dé."

"Ìdáhùn tó ti wọlé pọ̀ rẹpẹtẹ, Màmá. Gbogbo wọn ò lè parọ́."

"Irọ́ kọ́. Ọmọlúàbí ni wọ́n ń ṣe."

Láyíwọlá rẹ́rìn-ín. Ó bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n ó ti kàwé dé ibi tí kì í ti í gbàmọ̀ràn mọ́.

Kò pẹ́ tí àbúrò rẹ̀, Ṣọlápé, tó ń lọ gbé omi dídì wá láti ihò yìnyín, fi ń wá jíìpù tuntun.

"Bọ̀dá mi, ọ̀dọ̀ ta ni kí n ti rà á? Màmá ní kí n kọ́kọ́ rìn dé ilé àwọn tó ti rà."

"Ṣé Màmá ló ṣe ẹ̀rọ ni? Bi Etí-Ìlú."

Etí-Ìlú ò tiẹ̀ ronú. "Díákónì Fámúrewá. Ìràwọ̀ márùn-ún. Àwọn oníbàárà ń dúpẹ́ gidigidi."

Ṣọlápé ra jíìpù pupa kan tí wọ́n ń pè ní Arìnkúta. Ó jó yí i ká. Láyíwọlá bá a jó, ó tẹ̀ ẹ́ ní fèrè.

Ihò yìnyín ni agolo-èémí ti là. Ṣọlápé gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń sú fèé jáde, ó fi ọwọ́ dí i, ó fi ìborùn dí i. Nígbà tí àwọn adóòlà ẹ̀mí dé, ètè rẹ̀ ti dúdú. Kò kú, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò lè dá mí mọ́.

Láyíwọlá padà sídìí ẹ̀rọ. "Jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí àwọn tó ra Arìnkúta sọ. Ohùn wọn gan-an ni mo fẹ́."

Ohùn bàbá kan jáde: "Jíìpù? Hẹ̀n-ẹ́n, a dúpẹ́ o. A ò bá ibẹ̀ lọ. Ọlọ́run ò ní jẹ́ á rí irú ẹ̀ mọ́."

Obìnrin kan tẹ̀ lé e: "Ọpẹ́ ló yẹ wá, ẹ̀mí ò bọ́. Díákónì náà wá kí wa, ó ṣe dáadáa."

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní: "Ẹnu mi kọ́ ni wọ́n á ti gbọ́ ọ. A dúpẹ́."

"Gbogbo wọn dúpẹ́," ni Etí-Ìlú wí. "Ìràwọ̀ márùn-ún."

Ọmọ kékeré tó bá gbọ́ ohùn wọ̀nyẹn á ti sáré pe ìyá rẹ̀. Láyíwọlá ò tíì fetí sí ọ̀kan rí. Òun ló kọ́ ẹ̀rọ pé ẹni tó bá dúpẹ́, inú rẹ̀ dùn. Ó pa ẹ̀rọ náà. Àwọn àgbà ti ṣọ́ọ̀bù Fámúrewá pa. Màmá Ìbíyẹmí ò sọ pé òun ti wí. Ìyẹn gan-an ló dun Láyíwọlá jù.

Dókítà ní Ṣọlápé gbọ́dọ̀ máa rìn díẹ̀díẹ̀ láràárọ̀. Kò lè gbé agolo-èémí dání, nítorí náà Láyíwọlá ló ń gbé e, lórí èjìká, tí rọ́bà ti èjìká rẹ̀ wọ imú àbúrò rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè bá a rìn ní ìlú yẹn, ó máa ń yára jù. Ní báyìí, bí Ṣọlápé bá gbé ẹsẹ̀, yóò gbé ẹsẹ̀. Bó bá dúró, yóò dúró.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri dígí. Láyíwọlá la ẹnu.

"Ṣọlápé, mo fẹ́ bẹ̀..."

Ṣọlápé gbọ́wọ́ sókè, pé kó jẹ́ kí òun mí ná.