Eruku Aláwọ̀ Nínú Ìkòkò Omi

Nírọ̀lẹ́, bí oòrùn bá ti gba fèrèsé ilé ìdáná wọlé, Alálàá á mú aṣọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀, á sì gbọ̀n ọ́n. Eruku á gbéra, búlúù, pupa, àwọ̀ ewé, lẹ́búlẹ́bú bí ìyẹ̀fun, á máa fò nínú ìmọ́lẹ̀ bíi pé kò mọ ibi tó ń lọ. Ọmọbìnrin náà á lanu sílẹ̀ máa wò ó. Bó ṣe máa ń lálàá lójú sílẹ̀ yìí ni wọ́n fi ń pè é ní Alálàá.

Iṣẹ́ lílọ ike ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Korobá tó fọ́, àga tó kán, ìdérí ìgò, gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀rọ wọn ń rún wómúwómú kí wọ́n tó yọ́ ọn ṣe òmíràn. Ó ti kìlọ̀ títí pé ẹ̀yìnkùlé ni kí ọmọ òun ti máa rẹ aṣọ náà sómi, kó má gbọ̀n ọ́n nínú ilé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé kò ní irú ìmọ́lẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ náà gba etí ọ̀tún Alálàá wọlé, ó gba tòsì jáde.

Abẹ́ fèrèsé yẹn gan-an ni ìkòkò omi ìyá àgbà wà. Òun nìkan ló ń mu níbẹ̀, torí omi fìríìjì ń dùn ún léyín. Kì í sì í dé e. Ó ní omi náà gbọ́dọ̀ mí.

Nígbà tó yá, ikùn ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó sì ń kùn. Ó kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ikùn òun ń ṣèpàdé láìpe òun sí i. Ìgbà tí kò lè jẹun mọ́ ni ẹ̀rín tán. Alálàá lọ bu omi fún un, ló bá rí búlúù tó léfòó nínú ife. Ó dà bíi pé ó ń rí àwọn àwọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́fun ìyá àgbà, níbi tí oòrùn kankan kò ti lè mú wọn dán. Ó da omi náà nù, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì béèrè ohun tí màmá ń jẹ àti ohun tó ń mu. Bàbá ní oúnjẹ kan náà ni gbogbo ilé ń jẹ. Alálàá ń wolẹ̀. Bí òun bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀, ìyá àgbà á sì padà sídìí ìkòkò náà.

"Omi wọn ni," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Èmi ni mo ń gbọn eruku ike sí i."

"Mi ò lè búra pé òun ló fà á," ni nọ́ọ̀sì wí. "Àwọn onímọ̀ ṣì ń wádìí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ike kì í dà nínú ikùn. Ó lè máa ha ara ìfun, kó sì máa yọ àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń bá wa mú oúnjẹ dà lẹ́nu. Ẹ má jẹ́ kí màmá mu ún mọ́."

Bàbá kò lù ú. Ó kàn wò ó, ìyẹn sì dùn ún ju ẹgba lọ. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí Alálàá dà, ìyá àgbà ló tọ̀ lọ.

Ó fọ ìkòkò náà mọ́, ó wá ìdérí sí i. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́. Ikùn ìyá àgbà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bóyá oògùn ni, bóyá omi ni, kò sẹ́ni tó lè sọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, oòrùn wọlé, kò bá eruku kankan. Ìyá àgbà ní kó bu omi wá.

"Ṣé ó mọ́, ọmọ mi?"

Alálàá kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀, kó tó gbé ife náà fún un. Ó ti mọ̀ báyìí pé ohun tó dùn-ún wò lè má dára fún ikùn, àti pé ohun tí èèyàn kò bá lè mu, kò yẹ kó dà á sómi ẹlòmíràn.