Gíláàsì Inú Ike Fíìmù

Nígbà tí Ọmọ́ṣaléwá kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà, orí ìkúnlẹ̀ ló wà níwájú ṣọ́ọ̀bù fọ́tò bàbá rẹ̀ ní Surulérè, táì lọ́rùn, ọwọ́ nínú agbọ̀n ìdọ̀tí. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ràn sí i lẹ́yìn ọrùn. Jẹ́jẹ́ ló ń ṣa nǹkan nínú agbọ̀n náà, bí ẹni tó ń kó ẹyin lábẹ́ adìyẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ sọ nù?"

Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn eékún ṣòkòtò rẹ̀. Ike dúdú kékeré méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, irú èyí tí wọ́n máa ń kó fíìmù sí.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ike yìí ni mo ń wá. Mo fẹ́ fi ya fọ́tò òṣùpá ni."

Ọmọ́ṣaléwá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé pásípọ́ọ̀tù ni òṣùpá fẹ́ yà, àbí ńlá tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri?"

Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà. Ọládèjì lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Yábàá. Ọdún 1998 nìyẹn. Ó ti ra awò awọ̀nàjíjìn kékeré kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀, ẹnì kan sì ti fún un ní kámẹ́rà róbótó tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà. Ihò tí èèyàn ń fojú wò lára awò náà kò ju ike fíìmù lọ. Bí ó bá gé ìdí ike, tí ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ kámẹ́rà, yóò wọ ihò yẹn gẹ́lẹ́.

"Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ gíláàsì ojú kámẹ́rà náà," ló sọ.

"Kí ló máa wá fi ríran?"

"Awò yẹn ló máa yá a lójú."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ọmọ́ṣaléwá lára ju bí Ọládèjì ṣe mọ̀ lọ. Lẹ́yìn kọ́tìnì, bàbá rẹ̀, Díákónì Ọláníyì, ń pàṣẹ fún oníbàárà kan pé kó gbé àgbọ̀n sókè. Nǹkan funfun ti ń bo ẹyinjú Díákónì, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló máa ń ṣe bí ẹni tó ń nu kámẹ́rà, tí yóò sì yí i títí àwòrán yóò fi mọ́ kedere. Lẹ́yìn náà ni bàbá yóò tẹ̀ ẹ́, tí gbogbo ènìyàn yóò máa yìn ín.

Láti ọjọ́ náà ni Ọládèjì ti ń yà níbẹ̀ tó bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Ike fíìmù ló máa ń ní òun wá gbà. Ọmọ́ṣaléwá kò bi í léèrè kí ló ń fi gbogbo wọn ṣe.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, òun àti Àǹtí Hilda, àbúrò bàbá rẹ̀, lọ wo òṣùpá náà nílé Ọládèjì ní Yábàá. Wọ́n ti mú iná lọ. Ó gbé awò sí bákónì, ó fa wáyà láti ara jẹnẹrétọ̀ onílé. Òṣùpá yọ lójú kọ̀ǹpútà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀.

"Ibà ń ṣe òṣùpá yín," ni Àǹtí Hilda wí, tó ń bó ẹ̀pà rẹ̀ lọ.

"Jẹnẹrétọ̀ ló ń gbọn bákónì," ni Ọmọ́ṣaléwá sọ. "Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹni tí a fẹ́ yà kì í mí. Dèjì, gbé e sọ̀ kalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ìdí kànga, ká dúró de iná."

Iná dé kí oúnjẹ tí Ọládèjì ń sè tó jinná lórí sítóòfù. Ọmọ́ṣaléwá fi ìka méjì yí awò náà díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe fún bàbá rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà ni òṣùpá mọ́, pẹ̀lú kòtò rẹ̀ àti òkè rẹ̀. Ẹ̀pà dúró lọ́wọ́ Àǹtí Hilda.

"Láti kékeré ni mo ti ń wo ohun dúdú ojú rẹ̀," ni Ọládèjì sọ jẹ́jẹ́. "Ìwọ lo jẹ́ kí n rí i."

Ó fi gíláàsì tó yọ kúrò lójú kámẹ́rà sínú ike fíìmù kejì, ó fi lé e lọ́wọ́. "Bá mi tọ́jú ẹ̀, Ṣaléwá mi. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ fi kámẹ́rà yìí wo èèyàn, màá wá gbà á."

Díákónì ní àṣà kan. Ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó sórí àga pupa iwájú kámẹ́rà. Ó ní inú gíláàsì kámẹ́rà lòun ti ń mọ ẹni tó lè tọ́jú ọmọ òun. Àwọn ọkọ ẹ̀gbọ́n Ọmọ́ṣaléwá ti jókòó síbẹ̀ rí. Ọládèjì mọ̀, ó sì lọ gẹrun kó tó wá.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó sọ ohun tó bá wá. Díákónì kò pè é sórí àga.

"Òṣùpá tí o ń yà yẹn, ṣé òun ló máa bọ́ ọmọ mi? Máa lọ."

Ní alẹ́, bàbá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Bí o bá bá a lọ, ojú wo ni mo fẹ́ máa lò? Má sọ fún un. Mo bẹ̀ ọ́."

"Bàbá, ilé ìwòsàn ojú ńkọ́?"

"N kò lè jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan ojú tí mo fi ń jẹun."

Nítorí náà, kò sọ. Nígbà tí Ọládèjì béèrè ohun tí òun ṣe, ẹkún nìkan ló rí. Ó gbà pé òṣì òun ni kò jẹ́ kí wọ́n pe òun sórí àga. Kò wá gba ike fíìmù mọ́. Ọmọ́ṣaléwá gba àdúrà títí, omijé kò jẹ́ kó kọ orin nínú ẹgbẹ́ akọrin.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ibà dá a wólẹ̀. Bàbá nìkan ló lọ ya fọ́tò ìgbéyàwó ọmọ ìjọ wọn kan. Kò sí ọ̀kankan tó mọ́: ìyàwó dà bí èéfín. Díákónì jókòó sínú yàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fíìmù, ó sọkún bí ọmọdé.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ fún Dèjì."

Díákónì gbé orí sókè. "Sọ fún un. Ìgbéraga mi ti ba ọjọ́ ayọ̀ ọlọ́jọ́ jẹ́."

Ọládèjì gbọ́, ó bo ojú. "Mo rò pé ẹ̀gàn ni. Olúwa dárí jì mí." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ojú ọ̀run là, ó gbé awò àti kọ̀ǹpútà wá sí àgbàlá ṣọ́ọ̀bù náà. Ìdajì òṣùpá wà lókè.

Imú Díákónì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú kọ̀ǹpútà. Ìmọ́lẹ̀ funfun bò ó lójú.

"Ìdajì ni," ló sọ níkẹyìn. "Kí ni ihò wọ̀nyí?"

"Kòtò ni, sà. Ẹ wo òjìji etí wọn."

"Mo rí i." Ó ṣí fìlà. "Olúwa, o ṣeun. N kò mọ̀ pé mo ṣì lè rí i." Ó nu ojú. "Ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà yẹn. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó di ìgbà yẹn kí n tó rí ọmọkùnrin yìí. Ṣé ẹ̀rọ yìí lè wo èèyàn?"

Ọmọ́ṣaléwá ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ike fíìmù kan jáde.

"O kò jù ú nù?" ni Ọládèjì béèrè.

"Ṣebí o ní kí n tọ́jú ẹ̀."

Ọládèjì dá gíláàsì náà padà sójú kámẹ́rà. Díákónì ní kí wọ́n gbé àga pupa wá. Ojú Ọládèjì kún ojú kọ̀ǹpútà, bàbá sì wò ó pẹ́.

"Ó ní àpá lókè ojú."

"Orí igi máńgòrò ni mo ti já bọ́, sà."

"Ṣaléwá, o kò sọ fún mi pé ó rẹwà."

"Bàbá, ẹ ò bi mí."

"Lọ jókòó tì í."

Ó jókòó. Ọwọ́ wọn bá ara wọn lábẹ́ ìró rẹ̀.

"Ọládèjì, ọmọ mi," ni Díákónì wí, "gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Báyìí. Ẹ má mí."